Ṣé O Mọ Omi?

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ní ọdún méje sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí mi tẹ̀ lé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti tọrọ Zulaikha, bàbá rẹ̀, Alhaji Bashiru, wọn ò bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọn ò sì bi mí bóyá mò ń kírun. Wọ́n kàn wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o mọ omi?" Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà." Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Omi tí mo mọ̀ ni omi kànga, èyí tí à ń fi korobá fà, tí a fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn mi, ẹni tó ń wá ìyàwó kì í sì í ní ìdáhùn méjì.

Ogójì ọdún ni Alhaji fi wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kó èrò, wọ́n kó ẹja, wọ́n kó iyanrìn. Ìgbà tí wọ́n wá kí wa ní Calgary lọ́dún yìí, wọ́n ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ìyá Zulaikha sì ti dolóògbé láti ọdún méjì sẹ́yìn. Castleridge ni ilé wa wà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ara wọ́n yá gágá, wọ́n ń bá Bilqis ọmọ wa ṣeré. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti dákẹ́. Zulaikha á ti lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, èmi á ti lọ sí warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Foothills Industrial, Bilqis á ti lọ sí daycare. Bàbá á wá jókòó ti fèrèsé láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ kún inú fridge, ṣùgbọ́n fridge kì í báàyàn sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń jí wọn ni train. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, a máa ń wọ̀ ọ́ ní Whitehorn lọ sí downtown. Bí train bá ti gun orí afárá tó kọjá lórí odò Bow báyìí, Alhaji á dìde dúró. Ojú omi ló ń gbé wọn dìde. Wọn ò ní di nǹkan kan mú, train á sì máa mì jìgìjìgì. Èmi náà á dìde, màá la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́yìn wọn bí ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ, kí wọ́n má bàa ṣubú. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju "Ẹ jókòó" lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ta ló ń pàṣẹ fún àna ẹ̀? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bí ìyàwó ẹni, èèyàn kì í tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde bí ìṣe wọn, wọ́n nàka sí ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ kan ń lọ lórí omi, imú àti ìdí rẹ̀ tẹ̀ sókè, ọkùnrin kan jókòó sáàárín, ó di àjẹ̀ méjì mú.

"Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

"Drift boat ni, sà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní irú ẹ̀."

Wọ́n yíjú sí mi. Ẹ̀rín wà lójú wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò fura. "Ọkọ Zulaikha, wàá fi gbé mi kí n tó padà sílé. Ṣebí o ní o mọ omi."

Lẹ́yìn ọdún méje! Mo ní, "Kò sí wàhálà, sà." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí wọ́n wọ bàálù.

Nígbà tí mo sọ fún Zulaikha, ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Daddy Bilqis, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ sá fún swimming pool lọ́jọ́ birthday ọmọ yín?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó dẹ́kun ẹ̀rín, ó gbá ọwọ́ mi mú. "Ẹ gbọ́ o. Mọ́mì ti lọ. Bàbá mi nìkan ló kù tí mo ní. Tí ẹ bá gbé wọn lọ, alive and dry ni kí ẹ gbé wọn padà wá fún mi." Mo ní mo gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti di ogun fún mi. Bí mo bá kọ̀ láti lọ, òpùrọ́ ni mí lójú àna mi títí ayé. Bí mo bá lọ tí nǹkan ṣe wọ́n, mi ò ní lè wo ojú ìyàwó mi mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ní ọkọ̀ yẹn, Julius ló ń jẹ́, forklift ló ń wà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ti lo ọdún méjìdínlógún ní Calgary. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń pè mí. Ó gbà láti kọ́ mi fún Sunday mẹ́rin.

Sunday àkọ́kọ́, orí ilẹ̀ la wà, ọkọ̀ wà lórí trailer níwájú ilé rẹ̀. Ó ní kí n wọ lifejacket. Mo bi í pé ṣé mo lè rì sórí kọnkéré ni. Ó ní kí ó lè mọ́ mi lára ni. Ó ka òfin rẹ̀ fún mi: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde bí a bá ti ń sún mọ́ afárá tàbí òkúta, ẹni tó bá di àjẹ̀ mú ló ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á máa gbọ́. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ibi tí kò ti yé mi ni bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iwájú lẹ máa wò, ibi tí omi ń gbé yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa fa àjẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ padà sẹ́yìn."

"Julius, ibo là ń lọ gan-an?"

"Iwájú."

"Kí ló wá dé tí mò ń wà á sẹ́yìn?"

"Kí omi má bàa gbé yín sáré. Omi mọ ọ̀nà, brake lẹ̀ ń tẹ̀. Tí ẹ bá wá rí òkúta lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí i."

"Sí òkúta?"

"Ẹ kọjú sí i dáadáa, ẹ wá fa àjẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ á máa sún kúrò níbẹ̀ lọ sí òsì."

Mo wò ó bóyá ó ti mu nǹkan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ohun tó bá ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí i, ẹsẹ̀ mi á sì ṣe èyí tó kù. Ẹnìkan wá ń sọ fún mi pé kí n kọjú sí ohun tó fẹ́ pa mí, kí n máa fà sẹ́yìn, kí n lè lọ síwájú, tí mo bá fẹ́ lọ sí òsì kí n yí imú sí ọ̀tún. Orí mi dàrú pátápátá. Ní ọjọ́ Monday, mo fa ẹrù tó yẹ kí n tì ní warehouse, mo ti èyí tó yẹ kí n fà, supervisor mi bi mí bóyá mo fẹ́ lọ sílé lọ sinmi.

Sunday kejì la wọ omi. Bí omi ṣe gbá ọkọ̀ mú báyìí, gbogbo ohun tó kọ́ mi fò lọ. Mo fa ọ̀tún, mo ti òsì, a ń yí po lójú kan bí ọlọ ata oníná. Julius jókòó sẹ́yìn mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Pull! Mo ní pull! Ọ̀tún! You no dey hear word?"

Inú bí mi. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́ta jù! Mi ò dá a lóhùn mọ́ títí a fi gúnlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wa ṣe kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lójú àwọn òyìnbó tó ń kó ọ̀pá ìpẹja wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Lórí ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni yín. But for inside water, I go shout for you. Omi ò mọ ẹ̀gbọ́n o." Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Mo wá sọ fún un pé lọ́jọ́ tí a bá gbé àna mi, kó bá mi pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Kò gbọdọ̀ pariwo mọ́ mi lójú bàbá ìyàwó mi. Ó bẹ̀ mí títí pé kò dáa bẹ́ẹ̀, mo takú. Nígbẹ̀yìn ó búra pé tí nǹkan bá tiẹ̀ fẹ́ ṣẹlẹ̀, ikọ́ lòun á kàn wú.

Nígbà tó fi máa di Sunday kẹrin, mo ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, orí mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí mo bá rò ó, mo máa ṣì í. Bí mi ò bá rò ó, ọkọ̀ á lọ.

Ọjọ́ wá pé, Sunday kan nínú oṣù August. Oòrùn mú, omi sì mọ́ débi pé à ń rí òkúta ìsàlẹ̀. Alhaji wọ lifejacket lé jalamíà wọn, wọ́n dé fìlà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bu omi tọ́ wò, wọ́n ní, "Snow ni wọ́n yọ́ sínú èyí." Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, èmi wà láàárín, Julius wà lẹ́yìn. Mo sọ òfin fún wọn lọ́nà tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo ní, "Alhaji, wọ́n ní ó máa ń dáa téèyàn bá jókòó tí a bá ti ń sún mọ́ afárá, sà." Wọ́n mi orí. Mo wo ẹ̀yìn, Julius ń wò mí bí ẹni pé mo ti dà á.

Wákàtí kan àkọ́kọ́ dùn. Alhaji ń nàka sí ẹyẹ, wọ́n ń kọ orin kékeré kan lábẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mi ò ti gbọ́ orin lẹ́nu wọn. Inú mi dùn, mo ní ìyà oṣù kan kò já sásán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bojú wẹ̀yìn.

"Ọkọ Zulaikha, kí ló dé tó ò ń wa ọkọ̀ sẹ́yìn?"

"Bí wọ́n ṣe ń wà á níbí nìyẹn, sà."

"Hùn." Wọ́n yíjú padà. "Ní tiwa, ẹni tó ń lọ síwájú, iwájú ló ń wà á sí. Ọkọ̀ tí kò bá yá ju omi lọ, kò gbọ́ràn sí ẹni tó ń wà á lẹ́nu."

Julius wú ikọ́.

Ta ni kí n wá gbọ́ tiẹ̀ báyìí? Ọ̀kan kọ́ mi fún Sunday mẹ́rin, èkejì fi ogójì ọdún jẹun lórí omi, ó tún jẹ́ bàbá ìyàwó mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti àjẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí Alhaji lè rí i pé mo gbọ́ràn. Ọkọ̀ yá sí i. Julius tún wú ikọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ara mi ń sọ pé kí n fà, ẹ̀kọ́ ilé ń sọ pé kí n tì. Nígbà tó yá, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́.

A yí kọ́nà kan, afárá yọ sí wa. Òpó kọnkéré rẹ̀ kan dúró sójú ibi tí omi ń gbé wa lọ gan-an, omi ń pín sí méjì lára rẹ̀, ó ń hó. Mo rí i. Láti òkèèrè ni mo ti rí i, mi ò ní purọ́. Alhaji náà rí i. Ojú omi tún gbé wọn dìde. Wọ́n dúró gbagidi níwájú ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì là, bí wọ́n ṣe máa ń dúró lórí ọ̀sà. Wọ́n na ọwọ́ síwájú. "Tì í! Tì í dáadáa! Gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá!"

Mo tì í. Ọkọ̀ fò síwájú. Ẹ̀yìn Alhaji ni mo wá ń rí, mi ò rí òpó mọ́. Ikọ́ Julius ti di mẹ́ta, ó ti di mẹ́rin. Mo gbọ́ tó ní, "Alhaji sà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ ò bá tiẹ̀ jókòó, sà." Julius tó pariwo mọ́ mi bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó ojú ọ̀nà báyìí. Èmi náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Alhaji, ẹ má bínú sà, tí kò bá ní ni yín lára, sà..." Ariwo omi gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Àgbàlagbà ọkùnrin méjì ló ń tọrọ gáfárà nínú ọkọ̀ kan náà, òpó afárá ò sì gba gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá rí i lábẹ́ apá wọn. Ó tóbi, ó dúdú, ó ti dé.

"Bashiru! Jókòó!"

Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò mọ ibi tó ti jáde. Orúkọ tí ìyàwó mi ò pè rí, tí ìyá ìyàwó mi ò pè rí títí ó fi kú, èmi ọmọ Ìsẹ́yìn ni mo là á mọ́ olórúkọ lójú bẹ́ẹ̀, láìsí Alhaji, láìsí bàbá.

Wọ́n jókòó. Wọn ò bojú wẹ̀yìn, wọn ò ṣiyèméjì, wọ́n kàn jókòó lójú ẹsẹ̀, wọ́n di etí ọkọ̀ mú. Òpó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n kọ ẹ̀yìn sí i. Mo fa àjẹ̀ ọ̀tún, imú ọkọ̀ yí, ó dojú kọ òpó náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ranjú mọ́ ọn, mo fa àjẹ̀ méjèèjì. Mo fà á. Mo tún fà á. Ọkọ̀ dúró lójú kan fún ìgbà díẹ̀ bíi pé ó ń rò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sí òsì. Àjẹ̀ ọ̀tún gbá òpó, igi rẹ̀ gún mi ní ìhà, ojú mi ṣú. Nígbà tí ojú mi máa là, afárá ti wà lẹ́yìn wa.

Julius ò wú ikọ́ mọ́.

Mo wa ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Lifejacket ò jẹ́ kí àyà mi kan ilẹ̀, mo kàn ń mì lókè bí ọmọ tó ń kọ́ rírá. Mo ní, "Ẹ foríjì mí, sà. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo tún purọ́ fún yín, sà. Mi ò mọ omi. Omi kànga ni mo mọ̀." Ẹkún ń gbọ̀n mí, ojú sì ń tì mí.

Alhaji jókòó sórí òkúta ńlá kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n da omi inú rẹ̀ nù. "Mo mọ̀. Ọjọ́ tó o wá tọrọ ọmọ mi, ò ń wo ọ̀sà bí ẹni tó jí nǹkan tó rí ọlọ́pàá." Wọ́n da omi bàtà kejì nù. "Ìgbà wo lo rí òpó yẹn?"

"Ó ti pẹ́, sà. Láti òkèèrè."

"Ìgbà wo lo pè mí?"

"Nígbà tó ti dé tán, sà."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, odò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èmi. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde níwájú ọkọ̀ báyìí, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo rí ìgbì tó ń bọ̀. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá, ẹ dákun.' Mo ṣì ń bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣubú. Ìgbà tí omi ti gbé wọn lọ tán ni mo tó pè wọ́n ní orúkọ. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú."

Julius ti bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ bóyá o mọ omi," ni Alhaji wí. "Ọmọ mi lo fẹ́ gbé sínú ọkọ̀."

Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Afárá kan ṣì kù kí a tó dé ibi tí Julius gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí. Mo di àjẹ̀ mú. Ìhà ń dùn mí, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí tàbí wọn ò tíì dárí jì mí.

"Muideen." Láti ọdún méje, wọn ò pe orúkọ mi rí. "Níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ sí?"

"Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, sà, tí kò bá ni yín lára, sà."

"Mi ò gbọ́."

Mo mí kanlẹ̀. "Gbé e síwájú! Di etí ọkọ̀ mú!"

Wọ́n gbé e síwájú, wọ́n di etí ọkọ̀ mú, mo sì fa àjẹ̀.